Bí ẹ ṣe lè to ilé kọfí yín kí oríṣiríṣi oníbàárà lè rí ibi jókòó sí

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn: "Mo ti gba ṣọ́ọ̀bù l'Ádó-Èkìtì, mo fẹ́ máa ta kọfí, tíì àti búrẹ́dì láàárọ̀, kí n tún máa ta iyán lọ́sàn-án. Báwo ni mo ṣe máa to ibẹ̀ tí àwọn ọmọ yunifásítì á fi wá, tí òṣìṣẹ́ ìjọba á fi wá, tí bàbá àgbà ò sì ní yọjú wolé kó pẹ̀yìn dà?"

Ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀dà, òdòdó oníke àti iná aláwọ̀ mèremère. Owó á ti tán kí wọ́n tó kan àga. Ẹ yí i padà. Ibi ìjókòó, ọ̀nà ìrìn, ariwo àti iná mànàmáná ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Ọ̀dà lè dúró di oṣù tó ń bọ̀.

Ta ló ń bọ̀, kí ló sì fẹ́ wá ṣe?

Ẹ má fi ọjọ́ orí tàbí owó pín oníbàárà. Ẹ wo bó ṣe fẹ́ pẹ́ tó àti ohun tó fẹ́ fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe:

- Ẹni tó ń kánjú: òṣìṣẹ́ Sẹkitéríàtì tí àárọ̀ ti ń lé, ọlọ́kadà, nọ́ọ̀sì tó ń lọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnìkejì. Ìṣẹ́jú 5 tó o. Ó fẹ́ rí iye owó látẹnu ọ̀nà, kó san án, kó gbé tirẹ̀, kó máa lọ.
- Ẹni tó wá ṣiṣẹ́: akẹ́kọ̀ọ́, agùnbánirọ̀, ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun. Ó lè lo wákàtí 2 sí 4. Ibi tó máa ki wáyà bọ̀, Wi-Fi àti tábìlì tí kì í mì ló ń wá.
- Ẹni tó wá jẹun: ìṣẹ́jú 30 sí 45. Omi ìfọwọ́ àti ààyè fún abọ́ ló jẹ ẹ́ lógún.
- Ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tó wá tàkúrọ̀sọ: wọ́n á fẹ́ fa tábìlì pọ̀, ọmọdé á sì máa sáré kiri.
- Àgbàlagbà: àga tó ní ẹ̀yìn àti apá, ẹnu ọ̀nà tí kò ní àtẹ̀gùn púpọ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò jìnnà.

Ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà ló ń sọ èwo ló máa pọ̀ jù. Lójú ọ̀nà Ìwòrókò, nítòsí EKSU (Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì), akẹ́kọ̀ọ́ ló ń rọ́ wọlé. Nítòsí àwọn ọ́fíìsì ìjọba l'Ádó, àwọn tó ń kánjú ló máa kún àárọ̀ yín, àwọn tó fẹ́ jẹun á sì kún ọ̀sán. N'Ídó-Èkìtì, lágbègbè ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀, mọ̀lẹ́bí aláìsàn àti òṣìṣẹ́ ìlera ń wá nígbà tí ẹlòmíì ti ń tì. Lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìkògòsì, onírìnàjò tó ní ọkọ̀ ló pọ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ sì ni wọ́n á kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó wo mẹ́nu.

Ìkìlọ̀ kan rèé fún àwọn tó wà nítòsí iléèwé: bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ sí ìsinmi tàbí tí àwọn olùkọ́ bá daṣẹ́ sílẹ̀, ilé á dá páropáro. Ẹ má jẹ́ kí àga wọn ju ìdajì gbogbo àga yín lọ, bí wọ́n ti wù kí wọ́n pọ̀ tó lọ́jọ́ tí ẹ ń ṣí.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀:

1. Ẹ lọ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù náà fún ọjọ́ 3: ọjọ́ iṣẹ́ kan, ọjọ́ Sátidé kan, ọjọ́ ọjà kan.
2. Lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ dúró ní aago 7 sí 9 àárọ̀, 12 sí 2 ọ̀sán, àti 4 sí 6 ìrọ̀lẹ́.
3. Ẹ ka iye ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, tó wà lórí ọ̀kadà, tó wà nínú ọkọ̀. Ta ló dá wà, ta ló kó èèyàn lẹ́yìn, ta ló gbé báàgì kọ̀ǹpútà.
4. Ìwé tí ẹ kọ yẹn ni kí ẹ fi pín àga, kì í ṣe ohun tí ẹ rí nínú fọ́tò ilé kọfí ìlú òkèèrè.

Ẹ wọn ilẹ̀, kí ẹ yà á sórí ìwé

Ìwé onílà kéékèèké tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń ṣe ìṣirò tó. Kí sẹ̀ńtímítà 1 lórí ìwé dúró fún sẹ̀ńtímítà 50 nílẹ̀.

1. Ẹ wọn inú ilé láti ògiri dé ògiri. Ẹ fi àmì sí ilẹ̀kùn, fèrèsé, òpó, ibi tí omi ti ń wọlé àti ibi tí iná wà.
2. Ẹ yọ ilé ìdáná, ibi ìkẹ́rùsí àti ibi ìfọbọ́ kúrò lákọ̀ọ́kọ́. Bí ẹ bá máa dáná oúnjẹ gidi, ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ilẹ̀ ló sábà máa ń gbà. Ẹni tó ń ta kọfí àti búrẹ́dì nìkan lè lo ìdá kan nínú márùn-ún.
3. Ẹ pín ìyókù pẹ̀lú mítà oníhà mẹ́rin 1.4 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ṣọ́ọ̀bù bá jẹ́ mítà 6 sí 10, mítà oníhà mẹ́rin 60 nìyẹn. Ilé ìdáná gba 20, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ibi ìfọwọ́ gba 4, ó ku 36. Àga 25 ló máa gbà. Kápẹ́ńtà tó bá ní òun lè kó 40 síbẹ̀, àga ló fẹ́ tà.
4. Ẹ fa ọ̀nà kí ẹ tó fa tábìlì. Láti ẹnu ọ̀nà dé káńtà, kó fẹ̀ tó mítà 1.2. Láàárín tábìlì sí tábìlì, ó kéré tán sẹ̀ńtímítà 90. Níbi tí àga méjì ti kẹ̀yìn síra, ẹ wọn mítà 1.5 láti etí tábìlì kan sí etí èkejì, kí ẹni tó gbé àwo lè kọjá nígbà tí àwọn méjèèjì jókòó.
5. Ẹ gbé káńtà síbi tí ẹni tó bá wọlé ti máa rí i lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ kó jìn sí ilẹ̀kùn tó mítà 2. Bí ó bá sún mọ́ ilẹ̀kùn jù, èèyàn 4 péré tó tò á dí ọ̀nà, ẹni tó wà níta á rò pé inú ilé ti kún.
6. Ibi ìsanwó àti ibi ìgbàǹkan má ṣe jẹ́ ojú kan náà. Ẹni tó ń dúró kí transfer rẹ̀ wọlé lè lo ìṣẹ́jú 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kó dúró lé orí ẹni tí kọfí rẹ̀ ti délẹ̀.

Nígbà tí ìwé bá ti gún, ẹ mú ṣọ́ọ̀kì kí ẹ fi ya gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù bó ṣe máa tóbi gan-an. Ẹ yá àga oníke 10 lọ́wọ́ aládùúgbò, ẹ tò ó, kí ẹni kan gbé àwo tí ife omi kún orí rẹ̀ rìn láti ilé ìdáná dé tábìlì tó jìnnà jù. Bí omi bá dà, tàbí tó ní kí ẹnì kan dìde kí òun tó kọjá, ẹ tún un yà. Ìnukúrò ṣọ́ọ̀kì ò náni ní nǹkan kan. Àga tí kápẹ́ńtà ti kàn mọ́ ògiri, owó ni.

Ìjókòó, ẹ̀ka kan lẹ́yìn èkejì

Fún àga 25 tí a sọ yẹn, ìpín tó dára láti fi bẹ̀rẹ̀ ni: 4 lójú fèrèsé fún ẹni tó ń kánjú, 8 fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́, 10 fún ọ̀jẹun àti ẹbí, 3 nítòsí ẹnu ọ̀nà fún àgbàlagbà. Ìwé ọjọ́ mẹ́ta yín lè yí i padà.

*Ojú fèrèsé.* Pátákó gígùn kan tí wọ́n kàn mọ́ abẹ́ fèrèsé, gíga sẹ̀ńtímítà 105, fífẹ̀ 35 sí 40. Àga gogoro rẹ̀ kó ga ní 75, kó sì ní igi ìtẹsẹ̀ ní nǹkan bí 30 sókè ilẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ á máa kú. Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 60. Ẹ má ṣe é púpọ̀: obìnrin tó ró ìró kò ní gun àga gogoro níwájú èrò tó ń kọjá lójú títì, ìyá àgbà kò tilẹ̀ ní dábàá rẹ̀.

*Ibi iṣẹ́.* Tábìlì gíga 75, àga gíga 45, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ojú tábìlì 60 sí 70. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn kọ ògiri; èèyàn kì í fẹ́ kí ẹlòmíì máa ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà òun. Kí fèrèsé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bó bá wà lẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ á máa tàn sójú kọ̀ǹpútà tí wọn ò fi ní rí nǹkan kan. Bó bá wà níwájú, ojú á máa ro wọ́n. Sókẹ́ẹ̀tì méjì fún àga méjì, lára ògiri lókè tábìlì díẹ̀, kí wáyà má bàa fà kọjá lọ́nà.

*Ibi ọ̀jẹun.* Ibí làwọn tó ń fara wé ilé kọfí ìlú òkèèrè ti máa ń ṣìnà. Tábìlì róbótó kékeré tó dára fún ife kọfí kan kò lè gbé iyán. Ẹ ka ohun tó wà níwájú ẹnì kan ṣoṣo tó ń jẹ iyán: abọ́ iyán, abọ́ ẹ̀fọ́ rírò tàbí ẹ̀gúsí, àwo ẹran, ife omi, bóyá abọ́ ìfọwọ́. Fún èèyàn 4, ẹ kan tábìlì tó fẹ̀ ní 80, tó gùn ní 120. Láti ojú àga sókè dé ojú tábìlì kó jẹ́ 28 sí 30. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbọ̀nwọ́ ẹni tó ń bu òkèlè á lọ sókè bíi ti ẹni tó fẹ́ fò. Ẹ fi fọmáíkà bo ojú rẹ̀. Igi lásán tí wọn ò fi fánìṣì kùn dáadáa máa ń mu epo pupa, lẹ́yìn oṣù mélòó kan ẹ ò ní lè fọ òórùn rẹ̀ kúrò.

*Ẹbí.* Bẹ́ǹṣì gígùn tó fara ti ògiri, gíga 45, fífẹ̀ 45 sí 50, dára ju àga ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ, torí ọmọ méjì lè fún ara wọn mọ́ àárín àgbà méjì. Ẹ fi í sí ìhà tó jìnnà sí kẹ́tùlù, sítóófù àti ọ̀nà tí ọlọ́bẹ̀ gbígbóná ń gbà.

*Àgbàlagbà.* Àga tó ní apá, tí ojú rẹ̀ kò lọ sílẹ̀ ju 45 lọ. Ẹ gbàgbé sófà tó ń rì. Bàbá tí orúnkún ń dùn á jókòó sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ní padà wá. Kí ibẹ̀ má jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ju mítà 5 lọ.

Òkè pọ̀ nílẹ̀ Èkìtì, nítorí náà ṣọ́ọ̀bù tí kò ní àtẹ̀gùn níwájú kò wọ́pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fún àga onítáyà àti kẹ̀kẹ́ ọmọdé, fún gíga sẹ̀ńtímítà 1, kó gùn tó 12. Àtẹ̀gùn méjì tó ga ní 30 lápapọ̀ á nílò mítà 3.6. Bí ilẹ̀ kò bá gbà á, ẹ kó o gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Bí ìyẹn náà kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi irin ìdìmú tó ga ní 90 sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn méjèèjì, kí ẹ sì jẹ́ kí gbogbo àtẹ̀gùn ga bákan náà. Àtẹ̀gùn tí ọ̀kan ga tí èkejì kúrú ló ń gbé èèyàn ṣubú.

Iyán àti kọfí lábẹ́ òrùlé kan

Ilé kọfí l'Ékìtì tí kò ní iyán lọ́sàn-án ti lé ìdajì oníbàárà ọ̀sán lọ. Àmọ́ odó ń dún, irú ń ta sánsán, ẹni tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá yunifásítì sì wà ní mítà mẹ́ta sí i. Bí wọ́n ṣe lè jọ gbé rèé.

Odó kò gbọdọ̀ wà lórí táìsì. Táìsì á sán, odó á máa yọ̀, ìró rẹ̀ á sì gba abẹ́ ilẹ̀ dé ẹsẹ̀ tábìlì gbogbo. Ẹ gbé e sí ẹ̀yìnkùlé, lórí ilẹ̀ lásán, lábẹ́ òrùlé tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Bí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ṣọ́ọ̀bù yín wà, ẹ má gbìyànjú rẹ̀ rárá; nísàlẹ̀ ni kí wọ́n ti gún un gbé gòkè.

Ẹ má sì fi odó náà pamọ́ pátápátá. Ará Èkìtì fẹ́ mọ̀ pé iṣu gidi ni, pé wọ́n gún un ni, pé kì í ṣe ìyẹ̀fun ni wọ́n rò. Ẹ dá fèrèsé kan sára ògiri ẹ̀yìn, kí ẹni tó wà ní tábìlì ọ̀jẹun máa rí ọmọ odó bó ṣe ń lọ sókè sódò. Ẹ fi gíláàsì dí i: ojú á rí i, ariwo tó wọlé á sì dín kù. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ fi sí òdìkejì ilé, kí káńtà àti ògiri ilé ìdáná wà láàárín wọn àti odó.

Ẹ̀rọ ìgúnyán oníná náà wà. Ó yá, ó sì dín iṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n òun náà ń pariwo, ó ń jẹ iná, àwọn tó mọ iyán á sì sọ fún yín pé ó yàtọ̀ lẹ́nu. Ó dára fún ìgbà tí èrò bá ya lu yín lójijì.

Ní ti òórùn: láti bí oṣù kẹta dé ìkẹwàá, ìhà gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn òjò ti sábà máa ń fẹ́ wá. Bí ẹ bá ní àǹfààní láti yàn, ẹ gbé ilé ìdáná sí ìhà àríwá tàbí àríwá-ìlà-oòrùn, kí atẹ́gùn yẹn máa gbé èéfín ata díndín jáde dípò kó gbé e wọlé. Nígbà ọyẹ́, atẹ́gùn á yí padà, ẹ ó máa ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná nìyẹn. Fáànù tó ń fa èéfín síta lókè sítóófù ṣe kókó níbikíbi tó bá wà.

Bí ilé bá kéré ju kí ẹ pín in lọ, ẹ pín ọjọ́:

- Aago 7 sí 11: kọfí, tíì, ẹyin, búrẹ́dì. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lè jókòó síbi tó bá wù wọ́n.
- Aago 12 sí 3: iyán. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà á lọ sí igun tirẹ̀.
- Aago 4 sí àṣálẹ́: tíì, ìpápánu, ìwé kíkà, ọ̀rẹ́ tó wá ṣeré.

Ariwo inú ilé fúnra rẹ̀ ńkọ́? Táìsì nílẹ̀, PVC lókè, gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́: kò sí ohun tó ń gba ohùn mọ́ra, gbogbo rẹ̀ ló ń dá a padà. Kọ́tìnnì tó nípọn, ẹní tí ẹ so mọ́ ògiri, aṣọ òkè àtijọ́ tí ẹ fi igi kọ́ sára ògiri níbi iṣẹ́, gbogbo wọn ń dín in kù, wọ́n sì dùn ún wò. Kirétì ẹyin tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ ògiri kò ṣe ohun tí wọ́n rò pé ó ń ṣe, iná sì tètè ń ràn án. Ní ti orin, ẹ lo sípíkà kéékèèké méjì tàbí mẹ́ta lóhùn jẹ́ẹ́jẹ́ dípò ràbàtà kan lẹ́nu ọ̀nà. Kí ẹni méjì jókòó ní mítà 1 síra wọn kí wọ́n sọ̀rọ̀: bí wọ́n bá ní láti tẹ̀ síwájú kí wọ́n tó gbọ́ra, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Iná, gáàsì, omi

Ẹ ṣírò iná kí ẹ tó ra ẹ̀rọ kọfí. Kẹ́tùlù oníná kan ń jẹ nǹkan bí wáàtì 2,000. Ẹ̀rọ espresso ti ilé ìtajà lè jẹ 3,000. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ohun tó gbọ́n fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀: ẹ fi gáàsì sè omi, ẹ rọ ọ́ sínú fíláàsì ńlá, kí ẹ sì lo ìkòkò kọfí tó ní asẹ́ ìtẹ̀sílẹ̀. Kọfí lílọ̀ gíráàmù 60 fún omi lítà 1, ẹ jẹ́ kó dúró fún ìṣẹ́jú 4, ẹ tẹ asẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó parí. NEPA mú iná lọ, kò kàn yín.

Inverter wà fún oníbàárà, kì í ṣe fún ilé ìdáná. Ìṣirò rẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù àga 25 yẹn:

- Kọ̀ǹpútà alágbèéká 8, ọ̀kọ̀ọ̀kan 65: wáàtì 520
- Fáànù 4, ọ̀kọ̀ọ̀kan 75: wáàtì 300
- Gílóòbù LED 8, ọ̀kọ̀ọ̀kan 9: wáàtì 72
- Ẹ̀rọ Wi-Fi: wáàtì 12

Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí wáàtì 900. Inverter 2kVA á gbé e. Bátìrì omi 12V 200Ah méjì á gbé e fún bí wákàtí 2, torí kò dára kí a fa irú bátìrì bẹ́ẹ̀ kọjá ìdajì. Bátìrì lithium 5kWh á gbé e ju wákàtí 4 lọ, àmọ́ ó wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki kẹ́tùlù tàbí áyọ́ọ̀nù bọ ìlà inverter yẹn.

Àwọn ohun tó ń fa ìjàǹbá:

- Ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n tí wọ́n ki bọ ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n. Wáyà á gbóná, iná á sọ. Ẹ jẹ́ kí oníná fa wáyà 2.5mm fún sókẹ́ẹ̀tì, kí ẹ̀rọ ńlá kọ̀ọ̀kan ní ìlà àti bíréékà tirẹ̀, kí wáyà áàtì sì wọlẹ̀ dáadáa.
- Sílíńdà gáàsì nínú ilé ìdáná tó há. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rọ́ sí. Ẹ gbé sílíńdà síta, kó dúró ṣánṣán, kí ẹ sì dá ihò atẹ́gùn sí ìsàlẹ̀ ògiri. Ihò òkè nìkan kò lè lé e jáde.
- Jẹnẹrétọ̀ lábẹ́ fèrèsé tàbí ní kọ̀rídọ̀. Èéfín carbon monoxide kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa èèyàn. Ìta gbangba ni kó wà.

Ibi ìfọwọ́ kò gbọ́dọ̀ wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ fi síńkì kan sí ojú ọ̀nà ibi ọ̀jẹun, gíga 80 sí 85, pẹ̀lú ọṣẹ, kí ẹ sì fi àpótí kékeré kan síwájú rẹ̀ fún ọmọdé. Tàǹkì òkè ló dára jù. Bí kò bá tíì sí owó rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì ńlá tó ní ẹnu ẹ̀rọ lórí ìdúró irin á tó fún ìbẹ̀rẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ àti ooru

Ẹ wo ara páálí gílóòbù: nọ́ńbà tó ní K lẹ́yìn, tó ń sọ irú àwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ní, ló ṣe pàtàkì. 6500K, funfun tó ń wo àwọ̀ aró tó gba ọjà kan, máa ń jẹ́ kí ọbẹ̀ dà bíi pé ó ti sùn. Ẹ lo 3000K níbi ọ̀jẹun àti ibi ẹbí, 4000K níbi iṣẹ́ àti ilé ìdáná. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ló ń ba ìjókòó jẹ́. Fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn nílò òrùlé tó yọ síta tó sẹ̀ńtímítà 90, tàbí ẹní ọparun tí ẹ lè ká sókè. Kí fèrèsé wà ní ògiri méjì tó kọjú síra, kí atẹ́gùn lè wọlé kó sì jáde. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa nu tábìlì kí ẹ tó ṣí àti lẹ́yìn aago méjì, torí eruku tó bà lé ibi ìjẹun ni oníbàárà tuntun máa ń kọ́kọ́ fi ìka fà.

Pátákó àti mẹ́nu

- Fún mítà 3 kọ̀ọ̀kan tí ẹni tó ń kà á fi jìnnà, lẹ́tà pátákó gbọ́dọ̀ ga tó sẹ̀ńtímítà 2.5. Ẹni tó wà ní mítà 15 ní òdìkejì títì nílò lẹ́tà tó ga ní 12 tàbí 13.
- Ẹ kọ iye owó síta. Òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò tíì wọlé kò ní wọlé wá béèrè iye tí kọfí jẹ́. Á kọjá lọ ni.
- Mẹ́nu ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà gàdàgbà, lórí ìwé tí kò tàn yanran.
- Ẹ ya ibi ọ̀kadà sọ́tọ̀ kúrò lára ibi ọkọ̀, kí ọ̀kankan má sì dí àtẹ̀gùn.

Ẹni tó ra ife kan tó sì jókòó látàárọ̀

Gbogbo onílé kọfí nítòsí iléèwé ló ń bi wá léèrè èyí. Ẹ má pariwo mọ́ ọn, ẹ má sì pa Wi-Fi lójijì. Ẹ lo ètò: nọ́ńbà ìwọlé Wi-Fi tó ń wà lórí ìwé owó, tó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 2 fún ohun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá rà. Ẹ má fi sókẹ́ẹ̀tì sí ibi ọ̀jẹun rárá, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ ibẹ̀ di ọ́fíìsì ní aago 12. Kí ọ̀rọ̀ náà sì wà lára ògiri pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, láti aago 12 sí 3, àwọn tó fẹ́ jẹun la fi àyè yìí sílẹ̀ fún."

Bí ṣọ́ọ̀bù bá jẹ́ mítà 3 sí 4 péré

Ẹ má gbìyànjú láti gba gbogbo èèyàn sínú. Ẹ fi inú ṣe káńtà àti ìdáná, kí ẹ sì ta tápólì síwájú fún tábìlì 3. Ọ̀kan fún àgbà, pẹ̀lú àga alápá. Méjì fún ìyókù. Ìṣòro rẹ̀ ni òjò: kí tápólì dà sẹ́yìn tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe síwájú, kí omi má bàa máa kán sí ẹni tó ń wọlé lọ́rùn. Níbi tó kéré tó yìí, ìtajà àgbélọ ló máa gbé yín, ìjókòó kàn ń bá a lọ́wọ́ ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́

Ẹ má tíì kan ohunkóhun mọ́lẹ̀ àyàfi káńtà àti síńkì. Kí òṣìṣẹ́ kan máa sàmì sórí àwòrán ilé náà ní gbogbo wákàtí: àga wo lèèyàn wà lórí rẹ̀, èwo ló ṣófo. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì:

1. Àga tó ń kún ṣáá: ẹ wò bóyá ẹ lè fi irú rẹ̀ kan kún un.
2. Àga tí wọ́n ń gbé kúrò níbi tí ẹ gbé e sí: ẹ fi sílẹ̀ níbi tí wọ́n gbé e lọ. Wọ́n ti bá yín to ilé.
3. Àga tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí: ẹ lọ jókòó síbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní aago 1 ọ̀sán àti ní aago 5 ìrọ̀lẹ́. Ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin: oòrùn ń ta sí i, fáànù kò dé ibẹ̀, ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kọjú sí i, tàbí gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń fara kan èjìká ẹni tó bá jókòó. Bí ẹ bá ti mọ èwo ni, ẹ tún un ṣe. Bí kò bá ṣeé tún ṣe, ẹ gbé àga náà kúrò, kí ẹ fi kúbọ́ọ̀dù síbẹ̀.